Aláǹtakùn Tí Ìjọba Sọ Di Ọkùnrin

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Olóyè Ebenezer Olúsànyà ti tóbi tó, kí ó má wo ara rẹ̀, nítorí kò ga, kò sì sanra. Àkọlé tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìgándò ni kí ó kà. Oyè mọ́kànlá ni ó wà níbẹ̀ kí a tó dé orúkọ. Nígbà tí akunlé dé orí oyè kẹsàn-án, àyè tán lára ògiri iwájú, ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé "Ọ̀gá Àgbà Pátápátá" wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n "Olúsànyà" gan-an wà lára ògiri ilé ìgbẹ́. Kò sí ẹni tó fi èyí tó o létí.

Ilé-iṣẹ́ Ètò Àyíká àti Ohun Ẹlẹ́mìí ni ó jẹ́ ọ̀gá fún. Ẹ má wulẹ̀ wá a kiri ní Ìgándò. Èmi ni mo kọ́ ọ, inú ìtàn yìí nìkan ni ó sì wà. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni láti fún ènìyàn ní lẹ́tà. Ẹni tó fẹ́ gé igi a gba lẹ́tà. Ẹni tó fẹ́ sin adìẹ a gba lẹ́tà. Ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí lẹ́tà rẹ̀ kò fi tíì jáde, òun náà a kọ́kọ́ gba lẹ́tà.

Apá ọ̀tún Olóyè ni akọ̀wé rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Simeon, máa ń jókòó sí. Simeon kàwé gboyè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Olóyè fún un: bí Olóyè bá ti parí gbólóhùn, kí ó mi orí, kí ó sì sọ pé, "Ó jinlẹ̀, sà." Tọkàntọkàn ni ó ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan tí Olóyè sín, Simeon ní ó jinlẹ̀.

Ọ́fíìsì yìí ni Ìyá Dárà wọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kẹta ọdún 2024, pẹ̀lú páálí kan lábẹ́ apá. Títílọpẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti bí Olúwadárasími, kò sí ẹni tó ń pè é ní Títílọpẹ́ mọ́ àfi ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ti kú ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá.

Tíṣà Báyọ̀dé ni ọkọ náà. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹ̀gbẹ́dá fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn ilé wọn ní Ayọ̀bọ̀ ni òkìtì amọ̀ pupa kan wà, tí katakata tó la ọ̀nà fi sílẹ̀. Lára òkìtì yìí ni Tíṣà ti rí àwọn aláǹtakùn kan tí kì í ta òwú sí igun ilé. Ihò ni wọ́n ń gbẹ́. Wọn a fi òwú tẹ́ inú ihò náà, wọn a wá fi erùpẹ̀ àti òwú ṣe ilẹ̀kùn sí i, ilẹ̀kùn gidi tó ń ṣí tó sì ń padé bí ìdérí. Bí ó bá ti padé, o lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí o má mọ̀ pé ẹnì kan ń gbé ibẹ̀.

Abo ni ó ń ṣe gbogbo èyí. Inú ilé kan náà ni ó ń dàgbà sí, tí ó ń bímọ sí, tí ó sì ń kú sí, ó sì lè lo ogún ọdún níbẹ̀. Akọ kéré sí i. Bí ó bá ti bàlágà, a jáde lẹ́yìn òjò, a máa ti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn, bí ó bá sì ti rí aya, kì í pẹ́ kú.

Ọdún mẹ́rìnlá ni Tíṣà fi wò wọ́n. Ó fún ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé. Àwọn onímọ̀ a máa to ohun ẹlẹ́mìí bí a ti ń to ìlú: àwọn tó bá bára tan pẹ́kípẹ́kí wà ní agboolé kan, agboolé púpọ̀ sì wà ní àdúgbò kan. Tíṣà wá agboolé tí àwọn aláǹtakùn rẹ̀ lè wọ̀, kò rí. Ó kọ̀wé sí Dókítà Aasiyah Yésúfù, obìnrin kan tó mọ aláǹtakùn dunjú ní yunifásítì kan lókè ọya. Ó dáhùn pé ó jọ pé agboolé tuntun ni, ṣùgbọ́n akọ ni a fi ń mọ̀ dájú, nítorí ọwọ́ kékeré méjì tó wà níwájú akọ kò dọ́gba láti agboolé kan sí èkejì. Lẹ́yìn òjò kan ní oṣù keje, Tíṣà rí akọ kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó fi í sínú ìgò, bí ó ti fi abo kan sínú òmíràn tẹ́lẹ̀, ó kọ àlàyé wọn tán pátá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Tíṣà kú.

Nítorí náà, ohun tí Ìyá Dárà ń fẹ́ kò pọ̀. Dókítà Aasiyah ti ṣèlérí pé òun yóò tẹ iṣẹ́ náà jáde ní orúkọ Tíṣà, bí àwọn ìgò náà bá lè dé ọ̀dọ̀ òun. Ìgò kò sì lè kúrò ní Ìpínlẹ̀ Èkó láìsí lẹ́tà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Bí kò bá jáde, inú páálí ni ọdún mẹ́rìnlá Tíṣà yóò wà títí ìkán yóò fi jẹ ẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ sà," ni Ìyá Dárà wí, ó sì kúnlẹ̀.

"Ṣé ẹ ti ka ògiri?" ni Simeon bi í.

Ìyá Dárà jáde, ó ka ògiri, ó yí igun ilé, ó padà wá.

"Mo ti kà á, sà."

"Dé ìgbẹ̀yìn?"

"Dé ìgbẹ̀yìn, sà. Ibẹ̀ ń rùn díẹ̀."

Olóyè kò gbọ́ èyí. Kì í gbọ́ ohun tí kò bá jẹ́ ìyìn. Ó ti ń ka ìwé tí obìnrin náà mú wá, ojú rẹ̀ sì dúró sórí gbólóhùn kan.

"Agboolé tuntun," ó wí. "Tí kò tíì ní orúkọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ."

Olóyè bọ́ awò ojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà kan rí ní Ìkọ̀tún. Òjò gbé òpópónà náà lọ, òpó tí wọ́n kọ orúkọ sí nìkan ni ó kù, ewúrẹ́ ni wọ́n sì ń so mọ́ ọn. Láti ìgbà náà ni ó ti ń wá ohun tí òjò kò lè gbé.

"Madam," ó wí, "Ọlọ́run kì í ṣe nǹkan lásán. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ẹ̀dá yìí ti wà nínú òkùnkùn, láìlórúkọ, láìní baba ìsàlẹ̀, ó kàn ń dúró. Kí ni ó ń dúró dè?"

"Ó jinlẹ̀, sà," ni Simeon wí.

"Èmi ni ó ń dúró dè."

"Ó jinlẹ̀ gan-an, sà."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Ìyá Dárà wí, "lẹ́tà lásán ni mo wá gbà o. Ọkọ mi ti ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn tán."

"Ọkọ yín dà?"

"Ó ti kú, sà."

"Ṣé ẹ wá rí i báyìí! Olóògbé kò lè bá ìjọba ní nǹkan pọ̀. Simeon, gba páálí."

Páálí wọ inú àpótí irin. Kọ́kọ́rọ́ wọ àpò agbádá. Wọ́n sọ fún Ìyá Dárà pé lẹ́tà wà lọ́nà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje jókòó láti to aláǹtakùn. Nínú àwọn méje náà, méjì bẹ̀rù aláǹtakùn, mẹ́rin kò rí irú rẹ̀ rí, ẹnì keje ń sùn. Wọ́n gbé ìgò méjì sórí tábìlì: ọ̀kan ní aláǹtakùn ńlá, èkejì ní kékeré. Olóyè dìde.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá," ó wí, "kí ni à ń pè ní ọkùnrin? Ṣé irùngbọ̀n ni? Ewúrẹ́ ní irùngbọ̀n. Ṣé ohùn ńlá ni? Jẹnẹrétọ̀ ní ohùn ńlá. Ilé ni, ẹ̀yin ọlọ́lá! Ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́ yìí, láti Òkè-Odò títí dé Baruwa, ẹni tó bá kọ́lé ni láńlọ́ọ̀dù. Òun ni ó ń lọ sí ìpàdé láńlọ́ọ̀dù ní àárọ̀ Sátidé. Òun ni ó ń dìde sọ̀rọ̀ nípa tíráńsífọ́mà. Ẹ wo èyí tó tóbi yìí: ó kọ́lé, ó ṣe ilẹ̀kùn sí i, ó sì ń jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kì í dá àlejò lóhùn. Ẹ wá wo èyí tó kéré: kò nílé, kò lọ́nà, lẹ́yìn òjò ni wọ́n rí i tí ó ń rìn kiri. Mo bi yín, ta ni baálé níbẹ̀, ta sì ni obìnrin tí ń wá ọkọ?"

"Ó jinlẹ̀, sà."

Ìyá Dárà, tí ó wá bèèrè lẹ́tà rẹ̀, dìde lẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, sà. Èyí tó tóbi yẹn, abo ni. Ọkọ mi kọ ọ́ síbẹ̀. Ojú rẹ̀ ni ó ṣe bímọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin."

Olóyè rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣàánú.

"Madam, ilé tí ẹ ń gbé ní Ayọ̀bọ̀ ńkọ́? Ta ni ó kọ́ ọ?"

"Èmi ni, sà. Mo ń ta búlọ́ọ̀kù nígbà yẹn. Èmi ni mo ra ilẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ. Ọkọ mi bá mi ra ilẹ̀kùn."

Ẹni tó ń sùn pàápàá la ojú kan.

"Orúkọ ta ni ó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù?"

"Ti ọkọ mi, sà. 'Orúkọ Baálé' ni wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù wọn. Kò sí àyè fún obìnrin."

"Ẹ ṣeun," ni Olóyè wí, ó sì jókòó. "Fọ́ọ̀mù ti sọ̀rọ̀."

Wọ́n dìbò. Èyí tó tóbi di akọ pẹ̀lú ohùn méje sí òdo. Agboolé náà di Agboolé Olúsànyà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìkéde ilé-iṣẹ́ náà, pẹ̀lú fọ́tò. Fọ́tò Olóyè ni.

Ṣùgbọ́n a kì í ṣe ìfilọ́lẹ̀ pẹ̀lú òkú. Olóyè pàṣẹ pé kí katakata lọ sí Ayọ̀bọ̀, kí ó bu òkìtì náà wá, kí wọ́n lè ṣa baálé tó bá tóbi jù nínú rẹ̀. Ìyá Dárà bẹ̀ ẹ́ títí.

"Ẹ má gbé katakata lọ síbẹ̀, sà. Ilé mọ́kànlélógójì ni ó wà lára òkìtì yẹn. Èmi fúnra mi á gbé ọ̀kan wá fún yín."

Ó fi odidi ìrọ̀lẹ́ kan wa ilé keje pẹ̀lú ṣíbí, ó wa erùpẹ̀ yí i po kí ihò má bàa ya. Nígbà tí ó gbé e dé Ìgándò nínú ike, ó sọ fún Olóyè pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ó ti fi òwú rán an pa, sà. Bí wọ́n bá ti ṣe báyìí, ọmọ ló wà nínú ilé."

"Ó ń ṣe àṣàrò ni," ni Olóyè wí.

Wọ́n gbé e sínú gíláàsì lórí tábìlì kan tí wọ́n fi àrán bò, wọ́n kọ "Baálé" sí iwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì, tó ti ka ògiri, tó ti kí Olóyè, gbọ́dọ̀ yíjú sí gíláàsì kí ó sì kí Baálé pẹ̀lú. Simeon ń dọ̀bálẹ̀ fún un ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. "Ẹ kú ilé, sà," ni yóò wí, yóò sì dúró díẹ̀ bóyá Baálé yóò dáhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ilẹ̀kùn náà kò ṣí.

"Ẹ wo ìwà àgbà," ni Olóyè máa ń sọ fún àlejò. "Láti ìgbà tí ó ti dé, kò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bí ó ṣe yẹ kí ìjọba rí nìyí."

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Dárà máa ń wọkọ̀ láti Ayọ̀bọ̀ wá wọ́n omi díẹ̀ sí erùpẹ̀ náà, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ Baálé. Bí ó bá ti wọ́n omi tán, a bèèrè lẹ́tà rẹ̀. Lẹ́tà wà lọ́nà.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ pé. Gbọ̀ngàn kún. Olóyè ti ránṣẹ́ pe Dókítà Aasiyah, kí ìmọ̀ lè wá júbà agbára, ó sì wá, ó jókòó ní ìlà kejì pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́. Wòlíì Charles, arúgbó kan láti ìjọ aláṣọ funfun ní Ìkọ̀tún, gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Olóyè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́, ojú ìwé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. N kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé mi kò ṣẹ̀ mí.

Ní ìparí rẹ̀, ó wí pé: "Ẹ wá wo akọ! Akọ nínú akọ! Baálé tí kò mọ igbe ọmọdé, tí kò mọ ẹkún ìkókó! Ẹ wò ó, kí ẹ rí Olúsànyà!"

Ó fi ṣóńṣó kálámù wúrà rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà.

Èyí àkọ́kọ́ jáde, ó kéré bí ẹyọ ọkà bàbà. Ó wo òde. Ó gun kálámù. Èkejì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn jáde. Ọmọ aláǹtakùn, bí ó bá ti kúrò nílé ìyá rẹ̀, ibi gíga ni ó ń wá lọ, ohun tó sì ga jù lórí pèpéle lọ́jọ́ náà ni fìlà Olóyè. Wọ́n gba orí kálámù, wọ́n gba apá agbádá, wọ́n gba ọrùn. Dókítà Aasiyah, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkà, ka ọgọ́sàn-án àti mẹ́ta kí agbádá tó gbé ìyókù mì.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Èyí ni ó burú níbẹ̀. Wòlíì Charles, ẹni tí wọ́n kọ́ nílé, dìde. Ní ilẹ̀ wa, bí ọmọ bá dé, ọ̀rọ̀ kan ni ọmọlúwàbí ń sọ kí ó tó sọ òmíràn.

"Olóyè," ó wí, "ẹ kú ewu ọmọ o."

"Ẹ kú ewu ọmọ o!" ni gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn.

"Ẹ kú ọwọ́ lómi o!"

"Olúwa á wò wọ́n, Olóyè! Ọmọ ò ní dín!"

"Akọ ni!" ni Olóyè ń pariwo, tí ó ń gbọn apá. "Mo ní akọ ni! Akọ lè bímọ bí ìjọba bá fọwọ́ sí i!"

"Ó jinlẹ̀, sà," ni Simeon wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má fi Simeon ṣẹ̀sín. Ìdààmú ọkàn ni ó bá dé ọ́fíìsì. Ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe. Bí ọ̀gá bá ní akọ lè bímọ, akọ lè bímọ. Ìwé ìkéde ti sọ pé Olúsànyà ni orúkọ ẹni tó wà nínú gíláàsì. Olúsànyà kan náà ni ó wà nínú agbádá. Igba ènìyàn sì ti kí ẹni tó wà nínú agbádá kú ewu, ó sì ti gbà á lójú gbogbo ayé. Simeon fa fọ́ọ̀mù yọ, ó sì bá ọ̀gá rẹ̀ tọrọ ìsinmi ìbímọ fún oṣù mẹ́ta. Níbi tí wọ́n ti bèèrè iye ọmọ, ó kọ ọgọ́sàn-án àti mẹ́ta.

Àwọn tó wà ní olú ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé Olóyè láìkà á, nítorí oyè tó wà lórí ìwé náà gùn débi pé ó ti ń rẹ ènìyàn kí ó tó dé ibi ọ̀rọ̀.

Olóyè sáré lọ bá wọn. Wọ́n fún un ní àga. Wọ́n ní kí ó má dúró pẹ́, ara rẹ̀ kò tíì le. Ó ní òun kò bímọ. Wọ́n fi ìwé tó kún fún ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ hàn án. Ó padà sílé ní Ìkọ̀tún, àwọn aládùúgbò sì ń bi í lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Olóyè, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń jẹun?" Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ó fi ìwé ìfẹ̀yìntì ránṣẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ lásán.

Ìyáàfin Hope, tí ó ti ń tẹ ìwé nínú ilé-iṣẹ́ náà fún ogún ọdún, ni wọ́n fi sórí àga rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ó fi kọ lẹ́tà Ìyá Dárà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ àpótí irin ni wọ́n fi ń wá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan kù. Ìyá Dárà ti gbọ́ pé nínú ètò àwọn onímọ̀, orúkọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ni ó ń ṣẹ́gun. Ó pe Dókítà Aasiyah lórí fóònù.

"Ṣé ti Olóyè kọ́ ló máa dúró báyìí? Ìwé ìkéde rẹ̀ ti jáde ṣáájú."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Kò sọ ohun tí agboolé yìí fi yàtọ̀ sí àwọn agboolé yòókù. Fọ́tò ara rẹ̀ ló tẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ tí kò ní àlàyé, orúkọ òfìfo là ń pè é. A kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wáyé rí ni."

"Ẹ ò ní pa á rẹ́?"

"A kì í pa nǹkan rẹ́, Ìyá. Títí ayé ló máa wà níbẹ̀, pẹ̀lú 'òfìfo' níwájú ẹ̀. Tíṣà fi àyè sílẹ̀ níbi orúkọ. Kí la máa pè é?"

"Ẹ pè é ní Ayọ̀bọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé."

"Orúkọ Tíṣà ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tó yẹ kó wà."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa wà. Ẹni tó bá ṣàlàyé agboolé, ẹ̀yìn orúkọ agboolé la ń kọ tiẹ̀ sí, pẹ̀lú ọdún."

Ìwé náà jáde ní oṣù kọkànlá. Ẹ̀dà kan dé Ayọ̀bọ̀ nínú àpò ìwé funfun. Ìyá Dárà fọ ọwọ́, ó nù ún gbẹ, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó sì ṣí i. Ó wá ibẹ̀ rí. Ìlà méjì ni. Ní ìsàlẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ Olúsànyà, orúkọ òfìfo. Lókè rẹ̀, wọ́n kọ Ayọ̀bọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ Báyọ̀dé, lẹ́yìn rẹ̀ 2024.

Ó ka ọdún náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni Tíṣà kú. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ.

"Dókítà, ẹ má bínú o. Ọdún tí wọ́n kọ sẹ́yìn orúkọ ẹ̀ yìí, ṣé wọn ò ṣì í kọ?"

"Rárá o, Ìyá. Ọdún tí iṣẹ́ bá jáde la ń kọ."

Ìyá Dárà fi ìka tọ ìlà náà.

"Ó dáa," ó wí. "Ó ṣiṣẹ́ lọ́dún yìí nìyẹn."